Ilé Alámọ̀ Kan ní Adó-Èkìtì: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe, Láti Ìdí Ògiri Dé Aṣọ Fèrèsé

Ilé náà nìyí: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nínú àti lóde, òrùlé páànù, pálọ̀ kan, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná lẹ́yìn, balùwẹ̀ tí wọ́n fi kún un nígbẹ̀yìn, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Irú rẹ̀ kún àwọn àdúgbò àtijọ́ Adó-Èkìtì bámúbámú. Ọ̀dà tuntun, aṣọ fèrèsé àti àga ni onílé ní lọ́kàn. Ohun tí ilé fúnra rẹ̀ ń bèèrè yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ ti funfun bí ẹni fọ́n iyọ̀ sí i, ọ̀dà ti wú bí ìléròrò, bí ènìyàn bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, á bó sílẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yìí ṣe tò nìyí: omi ni àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ ṣìkejì, ọ̀ṣọ́ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ọ̀ṣọ́ ṣáájú yóò san owó ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù Bélú: níbo ni omi ti ń wá?

A gé ọ̀rá onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn àti ní ìbú, a fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri típẹ́típẹ́, a sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí ìrì bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá, níhà ọ̀dọ̀ ògiri, a jẹ́ pé inú ògiri ni omi ti ń jáde. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lọ́rinrin. Fèrèsé ni ká ṣí, ká má fọwọ́ kan ògiri. Ibi mẹ́ta la máa ń lẹ ọ̀rá mọ́ lára ògiri kan: sẹ̀ǹtímítà 20 sí ilẹ̀, mítà 1, àti mítà 2.

Ní pálọ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló tutù. Àárín àti òkè gbẹ. Ilẹ̀ ni omi ti ń gòkè. Ní yàrá ẹ̀yìn, òkè ló tutù, ìsàlẹ̀ sì gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá: ojú ìṣó páànù méjì ló ń jò, nítorí rọ́bà abẹ́ orí ìṣó náà ti jẹrà. A pààrọ̀ ìṣó méjèèjì pẹ̀lú rọ́bà tuntun, ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn sì parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ògiri ni wọ́n ti wó dànù nítorí irú ìṣó bẹ́ẹ̀.

Ti pálọ̀ ló gba àlàyé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbálẹ̀ sí ìdí ilé, tí erùpẹ̀ ń gun erùpẹ̀, títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ sì ń dà sí ìdí ògiri náà ní gbogbo ìgbà òjò. Amọ̀ ń fa omi sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bí kò bá sí sìmẹ́ǹtì lára rẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sìmẹ́ǹtì líle bo ìta àti inú, omi kò rí ibi jáde, ó ń gòkè sí i, ó sì gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Níbi tó bá ti ráyè gbẹ, iyọ̀ náà á dì sábẹ́ ọ̀dà, á sì máa ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀dà tó wọ́n jù lọ fi ń bó lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ́ọ́kú. Kò sí ẹ̀bi lára ọ̀dà.

Iṣẹ́ ìta: a gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ilé, gígùn mítà 18, ìbú sẹ̀ǹtímítà 40, títí ilẹ̀ ìta fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15. A tún gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí i, a da òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Òkúta náà jẹ́ nǹkan bíi mítà kúbíìkì 1.44, ìyẹn bárò 22. Ilẹ̀ tó kọjá òkúta náà ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé, sẹ̀ǹtímítà 5 sí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: kí gbígbẹ́ náà má ṣe jìn dé ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìn, ògiri amọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti sí lè ya lójijì. Mítà mẹ́ta mẹ́ta la ń gbẹ́, tí a sì ń dí i kí a tó tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn èyí la fi gọ́tà sí etí òrùlé, ó ń rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí mítà 3, kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ lè gba inú páìpù lọ sí kòtò ìgboro.

Nínú ilé, àmì ọ̀rinrin dé 70 sẹ̀ǹtímítà. A ha sìmẹ́ǹtì kúrò kọjá ibẹ̀ ní 50, ó di mítà 1.2 láti ilẹ̀. Iyọ̀ tó yọ sójú amọ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ la fi gbá a, a kó o lọ jìnnà. Ẹni tó bá fi omi fọ iyọ̀ ògiri kàn ń dá a padà sínú ògiri ni.

Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́: ọyẹ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀

Ògiri tó ṣí sílẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ àti àkókò. A ṣí fèrèsé láàárọ̀, a tì í lálẹ́. Ọyẹ́ Èkìtì gbẹ gan-an, ó gbẹ ògiri yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn kan máa ń dá èédú sínú yàrá tí wọ́n ti tì pa kí ògiri lè tètè gbẹ. Ẹ má ṣe dán an wò láé: èéfín èédú tí kò ní òórùn yẹn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Nígbà tí ògiri ń gbẹ, òkè la kọjú sí. Àjà ilé náà jẹ́ asbestos, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Bí kò bá fọ́, tí kò sì jò, kíkùn ún ní ọ̀dà lásán ti tó. Ewu rẹ̀ wà nínú eruku tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń ré e tàbí tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á, nítorí eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí láé. Méje nínú páálí pálọ̀ ti la, nítorí náà gbogbo rẹ̀ la tú. A fi omi rin ín gbingbin, àwọn òṣìṣẹ́ fi ìbòmú tó ń sẹ́ eruku bo imú àti ẹnu, wọ́n yọ ìṣó, wọ́n sọ páálí kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ ní odindi, wọ́n fi ọ̀rá méjì dì í. A kì í fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀; aṣọ tútù la fi nù ún. Àjà tuntun jẹ́ PVC (rọ́bà líle) aláwọ̀ funfun, nítorí kì í fa omi, ikán kì í jẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta lára rẹ̀. Ihò etí òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, a kò dí i, nẹ́ẹ̀tì onírin la kàn mọ́ ọn, kí ooru abẹ́ páànù lè jáde kí àdán má sì wọlé.

Àwọn oníná ṣe tiwọn kí a tó rẹ́ ògiri. Wáyà 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 1.5 mm² fún gílóòbù. Láti òkè àjà ni gbogbo wáyà ti ń sọ̀kalẹ̀ ní òòró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ògiri amọ̀ ní ìbú, gígé kankan kò sì gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Gígé ní ìbú ń sọ ògiri di méjì.

Èrèlé: rírẹ́

Ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 4. Ó le ju amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Amọ̀ ń wú lójò, ó ń súnkì lọ́gbẹlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì líle kì í bá a mì, ni wọ́n ṣe ń pínyà. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri irú bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn òfìfo.

A dán oríṣiríṣi àpòpọ̀ wò lórí ògiri, ìwọ̀n 30 sí 30, a fi ọjọ́ méje wò wọ́n. Èyí tí erùpẹ̀ pupa rẹ̀ jẹ́ 8, yanrìn odò 1, sìmẹ́ǹtì 1, sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ, torí amọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó dúró ni erùpẹ̀ pupa 6, yanrìn odò 3, sìmẹ́ǹtì 1. Erùpẹ̀ náà la kọ́kọ́ sẹ́, ká lè yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò. A fi omi wọ́n ògiri díẹ̀, a rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, sẹ̀ǹtímítà 1 nígbà kọ̀ọ̀kan, a sì fi ọjọ́ méjì sáàárín. Nítorí ọyẹ́ kò tíì kúrò tán, a fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí rírẹ́ bá gbẹ kíákíá, yóò sán. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ká fi dúró kí ọ̀dà tó kàn án. Kò sí onílé tó ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n níbí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Pálọ̀

Pálọ̀ náà jẹ́ mítà 4.2 sí 3.6, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3. Àyíká ògiri jẹ́ mítà 15.6, ìlọ́po 3 rẹ̀ jẹ́ 46.8. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ 0.9 sí 2.1 àti fèrèsé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.2 sí 1.2, ó ku nǹkan bí 42. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó kùn ún, ó di 84. Lórí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ báyìí, ẹ ṣírò lítà kan fún mítà onígun mẹ́rin 8, kódà bí wọ́n bá kọ iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sára garawa. Lítà 10.5 ni, àwọ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè lápapọ̀. Kò tó ìwọ̀n garawa lítà 20 kan. Bí garawa àwọ̀ kan náà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, kí ẹ rò wọ́n pọ̀. Àwọ̀ kan náà tí wọ́n pò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í bára mu délẹ̀. Omi tí a fi la ọ̀dà àkọ́kọ́ kò ju lítà 1 sí lítà 5 lọ, èkejì kò gba omi. Ọ̀dà tó ń kun ọwọ́ bí ẹfun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, omi ni wọ́n bù sí i ju.

Nípa àwọ̀: funfun báláú ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ní Adó, níbi tí erùpẹ̀ pupa ti ń bá ẹsẹ̀ wọlé, tí ọyẹ́ sì ń kó eruku lé ohun gbogbo, funfun báláú kì í pẹ́ dọ̀tí. A fi àwọ̀ obì sí ìsàlẹ̀ títí dé 90 sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀ ògì sí òkè, funfun sí àjà. Ọwọ́ ọmọdé àti ẹ̀yìn àga kò hàn lára àwọ̀ obì, àwọ̀ ògì sì ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sínú yàrá láìta ojú. Ọ̀dà olómi tí kò dán ni méjèèjì. Àṣà kíkun ìsàlẹ̀ ògiri ní gúlọ́ọ̀sì dára lórí ògiri búlọ́ọ̀kù tó gbẹ. Lórí amọ̀ tó ṣì ń mí, gúlọ́ọ̀sì á dí i lẹ́nu, ìléròrò á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gba àwọ̀ kan wọlé, ẹ kun páálí 50 sí 50 méjì, ẹ gbé ọ̀kan sí ògiri tó kọjú sí fèrèsé, èkejì sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ wò wọ́n láago mẹ́jọ àárọ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù. Gílóòbù yìí ló ń da àwọn ènìyàn. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí ń tan funfun bíi mànàmáná, ó ń sọ àwọ̀ obì di òkú. 2700K tàbí 3000K ń tan bí iná àtùpà, ó sì bá àwọ̀ ilẹ̀ mu. A fi wáàtì 9 kan sí àárín àjà, márùn-ún márùn-ún sí igun méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 19, èyí tí sólà kékeré lè gbé mọ́jú, yàrá sì jinlẹ̀ sí ojú ju ìgbà tí gílóòbù kan ṣoṣo bá ń jó lókè orí.

Àga: pálọ̀ Èkìtì, àgbà ló ń gbà lálejò. Àga rírọ̀ tó rì mọ́lẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n àgbà tó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò nílò ẹni tí yóò fà á dìde. Gíga ìjókòó 45 sẹ̀ǹtímítà, tìmùtìmù tó le díẹ̀, apá àga tó ṣeé dì mú. Sẹ̀ǹtímítà 45 láàárín àga àti tábìlì àárín, 80 fún ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá. Gbogbo ẹ̀yìn àga jìnnà sí ògiri ní 10, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀.

Àwòrán àwọn òbí àti baba ńlá kò ṣeé kó kúrò ní pálọ̀, kò sì yẹ ká kó wọn kúrò. Ìṣòro wọn ni pé ìṣó kì í di ògiri amọ̀ mú. Tí wọ́n bá ti gbá a wọlé, ihò rẹ̀ ń fẹ̀ lójoojúmọ́ títí férémù yóò fi já. A kan pákó ìrókò tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí pálọ̀ ká ní gíga mítà 2.1, a fi ìdè oníyíyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 dè é ní gbogbo 60 sẹ̀ǹtímítà. Ihò wọn, ẹ̀rọ tó ń yí láìgbá ló lu wọ́n. Okùn ni a fi ń so férémù kọ́ láti orí pákó náà wálẹ̀. Àárín férémù kọ̀ọ̀kan wà ní mítà 1.5 sí ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ipò àwòrán lọ́la, ògiri kò ní gbọ́ sí i.

Ilé ìdáná, àti ibi tí odó yóò dúró

Bí àwòrán ilé ìdáná bá ti ìwé ìròyìn òkèèrè wá, kò ní sí odó nínú rẹ̀. Ní Èkìtì, a ò lè sọ pé a ti to ilé ìdáná nígbà tí a kò tíì mọ ibi tí iyán yóò ti di gígún. Ilé yìí ti ní táìlì nílẹ̀ ilé ìdáná tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá ti fọ́, gbogbo wọn sì yí ibì kan ṣoṣo ká. A fi owó ẹyọ lu àwọn tó kù wò. Ohùn òfìfo ló ń dún lábẹ́ wọn. Ẹni tó tẹ́ wọn pín sìmẹ́ǹtì sí ojú márùn-ún bí òkèlè dípò kó tẹ́ ẹ kárí, nítorí náà àárín táìlì kò fara ti nǹkan kan. Bí ọmọ odó bá ti ń wálẹ̀ gbì-gbì, kò sí táìlì tó lè fara dà á. Àní bí wọ́n bá tẹ́ ẹ dáadáa, ìmìtìtì yẹn á ṣì dé ìdí ògiri amọ̀.

Nítorí náà odó kúrò nínú ilé, ó bọ́ sí ẹ̀yìn, lábẹ́ òrùlé, níbi tí kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí sítóòfù, kí iṣu má baà tutù lójú ọ̀nà. A da kọnkéré mítà 1.2 sí 1.2, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 10: àpò sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn odò bárò 1, òkúta bárò 2, lórí ilẹ̀ tí a ti gún mọ́lẹ̀ pinpin. Láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ ilé, a fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀, a da yanrìn lásán kún un, kí gbígún náà má bàa wọ inú ilé. Ọjọ́ méje la fi ń bomi rin ín, kò sì sí ẹni tó gún iyán lórí rẹ̀ kí ọjọ́ 28 tó pé. Àpò ìdọ̀họ tí a ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wà lábẹ́ odó.

Ohun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Òrùlé ẹ̀yìn ga ní mítà 2.1, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì dúró lásán, kò gbé nǹkan kan dání. Nígbà tí obìnrin méjì wá gún un wò, orí ọmọ odó kan igi òrùlé nígbà àkọ́kọ́ gan-an. A gbé òrùlé náà sókè dé 2.6. Ẹ fi ẹni tó ń gún un wọn ibẹ̀, pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, kí ẹ tó kan pákó kan. Ènìyàn méjì tó kọjú síra gba mítà 2 gbáko.

Inú ilé ìdáná: tábìlì tí a ti ń gé nǹkan ga ní 87, ìbú 60. Ọ̀nà tí a fi ń mọ gíga tó yẹ ni pé kí ẹni tó ń dáná ká apá ní igunpá, kí tábìlì sì rẹlẹ̀ sí igunpá rẹ̀ ní 10 sí 15. Ṣùgbọ́n ibi tí sítóòfù wà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: tábìlì 87, sítóòfù 12, ìkòkò 25, ẹnu ìkòkò ti dé 124. Kò sẹ́ni tó lè fi agbára ro ọkà tàbí èbà ilé ńlá ní gíga àyà. A sọ ti sítóòfù kalẹ̀ sí 62. Sílíńdà gáàsì wà níta, nínú àpótí tó ní ihò nísàlẹ̀, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá sí bó bá jò. Fèrèsé òkè nìkan kò lè kó o jáde. Omi ọṣẹ ni a fi ń yẹ orítà rọ́bà wò, a kì í fi iná wò ó.

Táìlì ẹ̀yìn tábìlì jẹ́ mítà 3 sí 0.6, ìyẹn 1.8. Táìlì 30 sí 60 kan jẹ́ 0.18, mẹ́wàá ló gbà, a ra mọ́kànlá nítorí gígé. Kọ́bọ́ọ̀dù MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ lẹ̀ pọ̀) tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù á wú bí búrẹ́dì inú omi. Ẹsẹ̀ rọ́bà 10 sẹ̀ǹtímítà ló gbé tiwa dúró.

Yàrá

Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí ibùsùn kò gbọdọ̀ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn, nítorí ògiri yẹn ti gba oòrùn ọ̀sán sára, yóò máa tu ooru rẹ̀ jáde títí di ọ̀gànjọ́. Kí ihò afẹ́fẹ́ wà ní ògiri méjì. Yàrá kan tó ní fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, a la ihò 60 sí 30 sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀, a fi nẹ́ẹ̀tì sí i.

Aṣọ fèrèsé ni wọ́n sábà ń rà ní àṣìrà. Fèrèsé mítà 1.2 gba ọ̀pá mítà 1.6, kí aṣọ lè ṣí kúrò lójú gíláàsì pátápátá. Aṣọ tó bá fẹ́ ní ìṣẹ́po tó dára gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ọ̀pá, ìyẹn 3.2. Bí ìbú aṣọ ọjà bá jẹ́ 1.5, méjì kò tó, mẹ́ta la ó gé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 2.2 pẹ̀lú 0.3 fún ìṣẹ́tí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 7.5, tó jẹ́ yáàdì 8.2, ẹ ra 8 àti ààbọ̀. Fún ìrọ̀rí àti aṣọ ìbòsùn, kíjìpá ni a yàn, nítorí òwú rẹ̀ nípọn, ó ń gba òógùn, ó sì ń rọ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi yóò fi mọ́ kí télọ̀ tó gé e, ẹ má sì fi í sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ń jẹ aró.

Balùwẹ̀

Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ojú ihò, sẹ̀ǹtímítà 2 sí mítà kọ̀ọ̀kan. Kí táìlì tó wọlé, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó dúró síbì kan. Níhìn-ín, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a sì tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn táìlì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Táìlì ilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò dán. Omi kànga ilé yìí ní irin, ó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára gbogbo ohun funfun, nítorí náà àárín táìlì, àwọ̀ eérú la fi dí i. Ibi tí dúrọ́ọ̀mù omi yóò dúró gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀: a mọ pèpéle 70 sí 70, gíga 20, kí wọ́n lè bu omi láìtẹ̀ba jù, kí abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ojú ilé, àwọn ọba Èkìtì sì mọ èyí. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ọ̀kan nínú òpó náà wà ní Art Institute of Chicago, ilé ọnà kan ní Amẹ́ríkà, lónìí, ilẹ̀kùn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Òpó àti ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ ọnà náà gbé sí, níbi tí ojú àlejò ti kọ́kọ́ ń bà. Nínú ilé yìí pẹ̀lú, owó tí onílé fẹ́ pín káàkiri fún ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, a gbà á níyànjú pé kó kó o sórí ilẹ̀kùn kan. Ọ̀gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ igi ló ṣe é, ìrókò ni, nítorí ikán kì í fẹ́ràn àárín igi ìrókò. Arère àti àfàrà fúyẹ́, wọ́n sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ikán yóò jẹ wọ́n. Òpó méjèèjì dúró lórí òkúta tó yọ sókè ní 15, wọn kò kan ilẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ Ìsàn-Èkìtì mẹ́ta, ńlá, àárín àti kékeré, ló wà ní igun kan, ewé sì wà nínú èyí tó ga jù. Mẹ́ta tó. Bí wọ́n bá pé mẹ́wàá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dà bí ọjà.

Oṣù Igbe: lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́

Òjò ńlá mẹ́rin ti rọ̀. A tún lẹ ọ̀rá 30 sí 30 mọ́ àwọn ojú kan náà fún wákàtí 48. Ògiri pálọ̀ gbẹ, yàrá ẹ̀yìn gbẹ. Igun kan ṣoṣo ló kù, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀rinrin ṣì gòkè dé sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn kọnkéré àtijọ́ kan ló fara mọ́ ògiri níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ kò sì lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ tó ń bọ̀ la ó gé e kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 3. Títí dìgbà náà, a kò kun ibẹ̀, kò sí àga níwájú rẹ̀, a sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí orí 12 náà pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, kí onílé lè mọ̀ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀.